Olórí Ẹbí Náà Ni Ọba: Ẹjọ́ Antigone àti Creon

Ó pẹ́ tí ẹjọ́ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní ọmọbìnrin kan ló wà láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gíríìsì, ọba ní kí ẹnikẹ́ni má sin òkú arákùnrin rẹ̀, ó lọ sin ín, ọba sì ní kí wọ́n pa á, ìjọba lápá kan, ẹbí lápá kejì, ó parí. Kò parí síbẹ̀ o. Ọba tó dá ọmọ yẹn lẹ́bi, òun àti ìyá ọmọ náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Ọmọ bíbí inú ọba náà ló sì fẹ́ fi ọmọbìnrin yìí ṣaya. Ẹ wo irú ẹjọ́ tí à ń sọ.

Sophocles, òǹkọ̀wé eré ará Athens, ló sọ ìtàn náà di eré tó ń jẹ́ Antigone, ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Kristi. Athens ni wọ́n ti ṣe é, nígbà ọdún òrìṣà wọn Dionysus, ní gbangba ìta lẹ́sẹ̀ òkè Acropolis. Ìlú Thebes ni ìtàn fúnra rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìlú ẹlẹ́nubodè méje. Ẹni tó bá ti wo eré Ọba Ọdẹ́wálé tí Ola Rotimi gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968 ti mọ ibi tí wàhálà ilé yẹn ti bẹ̀rẹ̀, torí Oedipus ni Rotimi sọ di Ọdẹ́wálé, ọkùnrin tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀ tó sì tún fi ìyá rẹ̀ ṣaya láìmọ̀. Oedipus àti Jocasta bí ọmọ mẹ́rin: Eteocles àti Polyneices ni ọkùnrin, Antigone àti Ismene ni obìnrin. Àṣírí tú, ìyá pokùn so, bàbá fọ́ ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ ìyà títí ó fi kú. Àwọn ọmọkùnrin wá ń jà sí ìtẹ́. Eteocles jókòó sórí ìtẹ́, Polyneices sá lọ sí Argos, ó fẹ́ ọmọ ọba ibẹ̀, ó wá kó ọmọ ogun wọn bọ̀ wálé láti wá gba ohun tó pè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹnubodè kan náà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, wọ́n pa ara wọn. Òru ni àwọn ará Argos sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Thebes ṣì dúró, òkú ọmọ ìyá méjì wà nílẹ̀, Creon tó jẹ́ arákùnrin Jocasta sì ti di ọba.

Ìkéde àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyí: Eteocles kú nítorí ìlú, kí wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Polyneices gbógun wá bá ilé bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀, kó wà níta kí ajá àti ẹyẹ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ta kò ó, òkò ni ará ìlú máa sọ pa á.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ tí Creon bá àwọn àgbà ìlú sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kíyè sí i mo padà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní torí pé òun ni òun sún mọ́ àwọn tó kú jù nínú ẹbí ni ìtẹ́ fi kan òun. Ẹ gbọ́ o. Okùn ẹbí ló fi gun orí ìtẹ́, òkú tó tipasẹ̀ rẹ̀ jọba náà ló wá sọ síta fún ajá. Àti pé nínú àṣà wọn níbẹ̀, tí bàbá bá ti kú tí àwọn ọmọkùnrin náà sì ti kú, ọkùnrin tó sún mọ́ wọn jù nínú ẹbí ló máa dúró bíi bàbá fún àwọn ọmọbìnrin, òun ló máa fà wọ́n fọ́kọ, òun náà ló máa rí sí ìsìnkú. Creon náà nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọba bá bínú sí ọmọ ilé kan, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, olórí ẹbí á kó àwọn àgbà sẹ́yìn, wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n á ní kábíyèsí ẹ forí jì wá, ọmọdé ló ṣe é, ọba náà á rí ibi gbà á sí tí ojú ò fi ní tì í. Ta ni kó lọ bẹ Creon? Olórí ẹbí tó yẹ kó lọ dọ̀bálẹ̀ náà ló jókòó sórí ìtẹ́. Nínú gbogbo ẹjọ́ yìí ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ikú gbà wọlé.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Creon ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu o. Ó ní, ó sì ní in dáadáa. Ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nubodè rẹ̀ lánàá ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kú, Polyneices yìí ló sì kó ogun wá, wọn ì bá dáná sun ìlú kí wọ́n sì sun ilé òrìṣà mọ́ ọn. Creon ní ìlú ló dà bí ọkọ̀ ojú omi tó gbé gbogbo wa, tí ọkọ̀ bá dúró dáadáa nìkan la fi lè ní ọ̀rẹ́, ẹni tó bá wá ń ka ènìyàn tirẹ̀ sí ju ìlú lọ, òun ò kà á kún nǹkan kan. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń wo eré yẹn ní Athens máa mi orí sí i, torí òfin tiwọn náà ni pé ẹni tó bá da ìlú, wọn ò gbọdọ̀ sin ín sínú ilẹ̀ Athens. Themistocles tó gba gbogbo wọn lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà, ìlú òkèèrè ló kú sí lẹ́yìn tí wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ìròyìn tó sì wà nílẹ̀ ni pé ẹbí rẹ̀ jí egungun rẹ̀ gbé wálé, wọ́n sin ín ní bòókẹ́lẹ́. Ẹbí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀: Athens á ní ẹ gbé e kọjá ààlà wa kẹ́ ẹ lọ sin ín síbòmíì. Creon ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kó máa jẹrà síbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó tún fi sójà ṣọ́ ọ. Ìlú tó fẹ́ràn òkú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni Athens, nígbà tó di ọdún 406 ṣáájú ìbí Kristi wọ́n pa 6 nínú àwọn ọ̀gágun tiwọn, àwọn tó borí ogun ojú omi fún wọn ní Arginusae ni o, torí pé ìjì jà, wọn ò lè kó àwọn tó ń rì àti àwọn òkú inú omi. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ń wo Creon. Wọ́n mọ̀ pé ó ti kọjá ààlà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Antigone ti pe àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Bó ṣe pè é yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀, torí nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nínú eré náà dà bí ìgbà tí Yorùbá bá ní "orí Ismene, ọmọ ìyá mi." Orí ló pè, orí gangan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún arákùnrin àti arábìnrin nínú èdè wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí a jọ ti inú kan náà jáde, ọmọ ìyá pọ́ńbélé nìyẹn, èmi ò mọ èdè míì tí mo fi lè túmọ̀ rẹ̀ tó máa wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé o ti gbọ́ ìkéde tí ọ̀gágun ṣe. Kò pè é ní ọba, ọ̀gágun ló pè é, kò sì pè é ní òfin, ìkéde ló pè é. (Sophocles fúnra rẹ̀ jẹ ọ̀kan nínú ọ̀gágun 10 ìlú Athens lásìkò tí eré yìí jáde, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wúwo tó.) Antigone ní wá bá mi gbé òkú náà.

Ismene ní rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bú u, wọ́n á ní ojo ni. Èmi kì í bá wọn bú u. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú báyẹn, tí ìyá rẹ̀ pokùn so, tí ọkùnrin méjèèjì pa ara wọn lánàá, tó wá ku òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ni wá, a ò lè bá àwọn tó lágbára jà, màá bẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kí wọ́n foríjì mí. Ó tún ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun náà á pa ẹnu mọ́. Antigone ní kó lọ pariwo rẹ̀ sígboro. Ọ̀rọ̀ burúkú ló sọ sí àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní òun máa kórìíra rẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ nítorí ọmọ ìyá kan, ó ń ta ọmọ ìyá kejì nù.

Ó lọ òun nìkan.

Sójà tó wá jíṣẹ́ fún Creon, mo fẹ́ràn rẹ̀. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láàrin ara wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa lọ sọ fún ọba, ó bọ́ sọ́wọ́ tirẹ̀, ó ń rìn ó ń dúró, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn lójú ọ̀nà. Ó ní ẹnì kan ti fi eruku bo òkú náà. Kò sí ojú ọkọ́ nílẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí ipa kẹ̀kẹ́, kò sí ẹsẹ̀ ajá, wọn ò gbẹ́ sàréè, eruku fẹ́lẹ́ ni wọ́n kàn fọ́n lé e lórí, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí ègún òkú tí a ò sin bá òun. Creon gbaná jẹ. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé wọ́n ti fún àwọn sójà lówó. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló ní òkú yìí. Owó ṣá ni.

Ó ní kí wọ́n padà lọ. Wọ́n gbọn eruku yẹn kúrò lára òkú tó ti ń rọ̀, wọ́n wá jókòó sórí òkìtì kan, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn kí òórùn má baà bá wọn. Oòrùn wá dé àtàrí. Lójijì ni ìjì eléruku kan dìde, ó bo gbogbo pápá, gbogbo wọn di ojú. Nígbà tó máa rọlẹ̀ tí wọ́n lajú, wọ́n rí ọmọbìnrin náà lórí òkú, ó ń ké bí ẹyẹ tó padà dé ìtẹ́ tí kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó rí i pé wọ́n ti gbọn eruku kúrò, ó ṣépè fún ẹni tó ṣe é, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bu eruku gbígbẹ, ó gbé ìkòkò idẹ sókè, ó tọ́ ọtí ètùtù sórí òkú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n sáré mú un. Kò jà. Sójà yẹn wá sọ pé inú òun dùn pé òun ti bọ́, ó sì dun òun pé èèyàn ẹni ni òun fà lé ikú lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, eruku ẹ̀kún ọwọ́ méjì.

Níwájú ọba, Creon bi í ní kúkurú pé ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ti kéde. Ó ní òun mọ̀, kí ló dé tí òun ò fi ní mọ̀, gbangba ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Creon ní o wá láyà láti rú òfin wọ̀nyí? Ibí ni kí ẹ ti dúró wò ó dáadáa: ẹnu Creon ni nǹkan yẹn ti di òfin, Antigone ò gbà á fún un. Ó ní kì í ṣe Zeus ló kéde yẹn fún òun, kì í sì í ṣe Ìdájọ́ Òdodo tó ń bá àwọn ẹni ìsàlẹ̀ gbé, òun ò rò pé ìkéde yín lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ èèyàn tó máa kú á fi lè gun orí òfin àwọn ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, tí kì í ṣe tòní tí kì í ṣe tàná, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tó ti wà. Aristotle, amòye Gíríìsì, mú ọ̀rọ̀ yìí lò nínú ìwé tó kọ lórí bí èèyàn ṣe ń rojọ́, nígbà tó ń ṣàlàyé pé òfin tí a kọ yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé kàn mọ̀ nínú ara wọn. Creon ní ọ̀tá ò lè di ọ̀rẹ́ tó bá kú tán. Ó dá a lóhùn pé wọn ò bí òun láti bá wọn kórìíra, láti bá wọn fẹ́ràn ni wọ́n bí òun. Àárọ̀ kùtù yẹn ló ṣẹ̀ sọ fún Ismene pé òun máa kórìíra rẹ̀ o. Mo gbà pé ó gbàgbé ni, tàbí ojú rẹ̀ ò rí ẹni tó wà láàyè mọ́.

Wọ́n mú Ismene náà wọlé. Ó ní àwọn jọ ṣe é ni, kí wọ́n jọ pa àwọn. Antigone ní irọ́ ni, o ò bá mi ṣe é, má bá mi kú. Àwọn kan ní ó ń ṣèkà sí i, àwọn kan ní ó ń gbà á là. Mo rò pé méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó sọ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó ti da orí àwọn ọ̀mọ̀wé rú gan-an. Ó ní ká ní ọkọ òun ló kú ni, tàbí ọmọ òun, òun ò bá tí ta ko ìlú, torí ọkọ kú èèyàn lè fẹ́ ọkọ míì, ọmọ kú èèyàn lè bí òmíì, ṣùgbọ́n bàbá òun àti ìyá òun ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbo ni òun ti máa tún rí ọmọ ìyá? Goethe, akéwì Jámánì yẹn, fẹ́ kí ẹnì kan fi hàn pé kì í ṣe Sophocles ló kọ ọ́, torí ó rò pé ó ba ọ̀rọ̀ ńlá tó ti sọ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Èmi gbà á gbọ́ bó ṣe wà. Ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí sàréè láàyè kì í rò ó bíi lọ́yà. Ó ti ka gbogbo èèyàn rẹ̀ tán lórí ìka, ó wá rí i pé èyí tó kẹ́yìn nìyí, kò sí ìyá tó máa bí òmíì.

Haemon ló wá ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí olórí ẹbí ṣe. Ọmọ ọba ni, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa, kò sì wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó ní bàbá mi, tiyín ni mí. Ó wá rọra ń sọ ohun tí ará ìlú ò lè sọ lójú ọba: pé wọ́n ń dárò ọmọbìnrin náà lábẹ́lẹ̀, wọ́n ní oyè ló tọ́ sí i kì í ṣe ikú. Ó ní igi tó bá tẹ̀ nígbà tí àgbàrá ń ya ló máa ń pa ẹ̀ka rẹ̀ mọ́, èyí tó bá ṣagídí á fà tu tigbòǹgbò. Bíi ká gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan nínú ilé wa. Creon ní ọmọ kékeré bíi tìẹ ló fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n? Ó ní ṣebí ẹni tó ń ṣàkóso ló ni ìlú. Haemon ní ìlú tí ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìlú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ọmọ bínú jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Creon yí ìdájọ́ padà, kò sọ ìdí. Òkò ló kéde tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìlú ló ń sọ òkò, ará ìlú yẹn náà ló sì ń dárò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n mú un lọ sínú ihò àpáta níbi tí èèyàn kì í gbà, kí wọ́n gbé oúnjẹ díẹ̀ síbẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò fi ní wá sórí ìlú, kí wọ́n dí i pa. Oúnjẹ yẹn máa ń bí mi nínú ju òkò lọ.

Tiresias dé, aríran afọ́jú, ọmọdé kan ló ń fà á lọ́wọ́. Ó ní àwọn ẹyẹ tí òun ń gbọ́ ohùn wọn ti ń fi èékánná ya ara wọn, ẹbọ ò jó mọ́ lórí pẹpẹ, ọ̀rá kàn ń yọ́ ni, torí ajá àti ẹyẹ ti gbé ẹran ara ọmọ Oedipus kiri gbogbo ojúbọ. Ó ní akin wo ló wà nínú kí á tún pa ẹni tó ti kú? Creon ní wọ́n ti fún ìwọ náà lówó. Bàbá yẹn wá tú u sílẹ̀ fún un: èyí tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ o fi sókè, èyí tó jẹ́ ti òkè o tì í mọ́ ìsàlẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ sí i, wàá fi ẹni tó ti inú rẹ jáde san òkú fún òkú.

Ẹ̀rù ba Creon. Ó bi àwọn àgbà pé kí ni kí òun ṣe. Wọ́n ní lọ tú ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀, kó o sì gbẹ́ sàréè fún ẹni tó wà níta. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó, alààyè ṣáájú, òkú tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ òkú ni Creon kọ́kọ́ lọ. Ó wẹ ohun tí ajá ṣẹ́kù lára Polyneices, ó fi ewéko tútù sun ún, ó kó iyẹ̀pẹ̀ ilé jọ lé e lórí ní òkìtì gíga, gbogbo rẹ̀ pátá, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Olórí ẹbí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó ṣe é dáadáa, àsìkò tó fi ń ṣe é ni ọmọbìnrin náà kú. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ihò, ohùn Haemon ni wọ́n ń gbọ́ nínú. Antigone ti fi aṣọ rẹ̀ so. Haemon dì mọ́ ọn níbàdí. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jáde, ó tutọ́ sí bàbá lójú, ó fa idà yọ sí i, idà ò bá a, ó wá yí i sí ara rẹ̀.

Lọ́dún 1994 Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan tún ìtàn yìí ṣe, eré Tegonni, ní Yunifásítì Emory ní Atlanta ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ó gbé e wá sílẹ̀ Yorùbá láyé àwọn amúnisìn, gómìnà òyìnbó ló wá wà nípò Creon. Eré ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohun kan ló yí padà níbẹ̀ tó jẹ́ kí n rí ti àkọ́kọ́ kedere. Tó bá jẹ́ òyìnbó ló ní ká má sin òkú wa, a lè sọ pé kò mọ̀ wá, kò sí lára wa, ẹ jẹ́ ká lé e lọ. Ní Thebes ẹni tó ṣòfin yẹn ló gbé àwọn ọmọ náà jó nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí gbogbo ẹbí ìyá ṣe ń gbé ọmọ jó.

Creon gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ wọ ìlú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún un pé Eurydice ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́, kò sọ nǹkan kan, ó wọlé, ó gún ara rẹ̀ lọ́bẹ lẹ́bàá pẹpẹ ilé, ó sì fi Creon ré kó tó kú. Creon ní kí wọ́n mú òun kúrò níbẹ̀. Wọ́n mú un wọlé.

Nínú àṣà wọn, obìnrin ilé ló ń wẹ òkú kí wọ́n tó gbé e jáde. Òkú mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú Ismene sílẹ̀, kò tún sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú eré náà, Antigone gan-an sọ nígbà tó ń lọ pé òun ni ọmọ ọba tó kẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú ilé.